Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá yín kẹ́ ẹ tó wo kámẹ́rà: fóònù tí mo rà ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa fóònù tuntun yìí àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ẹja yíyan ni mò ń tà. Báyékù ni mo ti ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, ilé wa náà ò jìnnà síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìgbògbò tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lápá ọ̀sà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi, Lekki àti Ajah ni wọ́n wà, orí WhatsApp la sì ti ń ṣe gbogbo ẹ̀: màá ya fọ́tò ẹja láàárọ̀, màá gbé e sórí status, ẹni tó bá fẹ́ á pè, á fowó ránṣẹ́, èmi á di ẹja ẹ̀ sínú páálí, ọkọ̀ ojú omi á gbé e sọdá. Torí náà fóònù kì í ṣe nǹkan fáàrí lọ́wọ́ mi, òun gan-an ni ìsọ̀ mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi ₦110,000 ra fóònù Amẹ́ríkà kan nínú ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ. Tòkunbọ̀ ni, ó mọ́ tónítóní, ara ẹ̀ ń dán, kámẹ́rà ẹ̀ sì dáa débi pé èèyàn lè ka ìpẹ́ ara ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ki síìmù mi bọ inú ẹ̀ níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé, mo pe ọkọ mi, a sọ̀rọ̀ dáadáa, mo sanwó, mo wọ mọ́tò. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé ni 4G ń di 3G, 3G di E, ìgbà tí mo máa fi wọ yàrá kò sí nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni. Ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, bákan náà ni. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé fóònù àtijọ́ ọmọ mi obìnrin, tí gíláàsì ẹ̀ ti là láti igun kan dé ìkejì, láìnì kan náà ló wà lórí ẹ̀, òun ń wo fídíò lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń gbé tèmi káàkiri ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló dùn mí jù. Obìnrin kan ní Ajah ń ṣòkú ìyá ẹ̀, ó fẹ́ ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan tó pọ̀, ọjà ₦64,000. A ti sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ pé á pè mí tó bá ti ṣe tán láti sanwó. Ẹja ti wà nílẹ̀, mo ti tò ó, mo jókòó ti fóònù láti àárọ̀, kò dún. Alẹ́ ni mo jáde lọ ra búrẹ́dì lójú títì ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpamọ́wọ́ mi, mẹ́séèjì ń já lu ara wọn: ó pè mí lẹ́ẹ̀meje, wọ́n ń sọ fún un pé wọn ò rí mi bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn ránṣẹ́ pé “Màmá ẹlẹ́ja, ẹ má bínú o, mo ti ra nǹkan níbòmíì, èrò ti ń dé.” Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn obìnrin yẹn, ta ló máa dúró de ẹni tí wọn ò rí pè?

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mi ṣe ọ̀ọ́bdéètì fún un, ó kú, ó tún jí, ó ní síìmù yìí ò bá òun mu. Ó parí. Ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò wa ló wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pọ̀ fóònù tó ń ti Amẹ́ríkà wá, àwọn tó ń ta láìnì lọ́hùn-ún ló tà á fún èèyàn pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá tì í mọ́ láìnì tiwọn títí gbèsè fi máa tán. Tí gbèsè ò bá tíì tán kó tó kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún, àwọn kan á fi ọgbọ́n ṣí i níbí, á ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún un tò tàbí tẹ́ ẹ fún un ní ọ̀ọ́bdéètì, ó lè padà tì pa. Mi ò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, ká ní mo mọ̀ ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi ẹni tó tà á nìyẹn.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí nìyẹn. Sábó ló wà, ní Ìkòròdú níbí, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó fara ti ara wọn. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí ni mi ò fi dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Mo wọlé, mo ní mo fẹ́ ra fóònù, owó ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kọjá ₦170,000. Gbogbo ibi tí mo ti lọ kó tó di ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dárúkọ owó báyìí ni wọ́n á ti máa to fóònù síwájú mi. Òun kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ káàsán mọ́mì. Níbo lẹ̀ ń gbé?”

Mo wò ó. Mo ní, “Fóònù ni mo wá rà, kí lo fẹ́ fi ibi tí mò ń gbé ṣe?”

“Ẹ má bínú mọ́mì, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mo ṣe bi yín. Láìnì wo lẹ̀ ń lò, ṣé ó sì ń mú dénú yàrá?”

Bí mo ṣe ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un nìyẹn, látorí fóònù Amẹ́ríkà dórí ẹja òkú. Ó gbọ́ ọ parí. Ó fa páálí fóònù kan tó ṣófo yọ, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà tí láìnì kọ̀ọ̀kan ń gbà kì í ṣe ọ̀kan náà, band ni wọ́n ń pè é. 4G MTN ń lo 800MHz, tí í ṣe band 20, ó tún ń lo 2600, tí í ṣe band 7. Ti Glo, 700 ni, band 28. Airtel àti 9mobile, tó ti yí orúkọ padà sí T2 ní 2025, àwọn wà lórí 1800, band 3. Nọ́ńbà tó kéré ló ń rìn jìnnà, òun náà ló máa ń la ògiri kọjá. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wo òde àríyá. Tí wọ́n bá ń ṣeré lọ́nà jíjìn, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́? Ṣebí bẹ́ẹ̀sì ni, gbì gbì gbì, ohùn akọrin ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. 700 àti 800 yẹn ni bẹ́ẹ̀sì. 2600 ni ohùn akọrin.” Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dénú egungun. Ó ní fóònù tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ni ò ní band 20 nínú torí wọn ò lò ó lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá wá wà nínú ìgboro tí òpó sún mọ́ ọn, kò ní mọ̀, ẹ̀yìn odi bíi tiwa ló ti máa hàn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ó mú nínú ọjà tí mo ti rà á.

Mo ní ó dáa, kó wá mú èyí tó ní gbogbo band yìí wá kí n sanwó. Ẹ má bínú pé mò ń sọ gbogbo ẹ̀, ibi tí mo ti gba ti ọmọ yìí nìyí. Ó ní rárá, kí n má tíì rà á lónìí. Ó ní kí n padà sílé, kí n yá síìmù láìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kí n máa kì wọ́n bọ fóònù ọmọ mi tó ń mú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó ní yàrá, kí n wò ó nídìí ààrò, kí n wò ó ní èbúté, àárọ̀ lọ́tọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́tọ̀ torí ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ń lò ó. Ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́, tó rí owó lọ́wọ́ mi, tó ní kí n máa lọ.

Mo ṣe é. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó ni mo ya lára ẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Láìnì tí mo ti ń lò láti 2009 ló ṣe ìkẹta nínú yàrá tèmi, òmíràn tí mi ò tíì lò rí láyé mi ló ṣe ìkíní, ó dúró ṣinṣin títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń yan ẹja. Mi ò ní dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn torí ilé tèmi ni mo wò, ó lè jẹ́ pé odi kejì sí mi gan-an ò ní rí bẹ́ẹ̀, tiyín lẹ máa lọ wò fúnra yín.

Ìṣòro tó wá kù ni nọ́ńbà. Gbogbo kọ́sítọ́mà mi, báǹkì mi, nọ́ńbà àtijọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀. Èèyàn lè gbé nọ́ńbà ẹ̀ kúrò lórí láìnì kan lọ sórí òmíràn, láti 2013 ni wọ́n ti gbà wá láyè, ẹ máa lọ bá àwọn láìnì tuntun tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ PORT ránṣẹ́ sí 3232, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti lọ, ó di àádọ́rùn-ún ọjọ́ kẹ́ ẹ tó lè tún kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù álẹ́ẹ̀tì báǹkì bà mí, mi ò lọ. Ohun tí mo yàn ni fóònù onísíìmù méjì: ti àtijọ́ fún ìpè àti báǹkì, tuntun fún dátà. Ẹ sì rántí pé wọ́n máa béèrè NIN tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba síìmù tuntun, kẹ́ ẹ mú un dání kẹ́ ẹ má bàa rìnrìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí mo padà dé Sábó, fóònù mẹ́ta ló kó síwájú mi, ó ṣí GSMArena, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú fóònù kọ̀ọ̀kan, lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ń fi band ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn mí. Tecno Spark Go 1 ló wọ́n kéré jù nínú wọn, 6.67 ínǹṣì, bátìrì 5000mAh, ojú ẹ̀ ń yọ̀ lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á torí 120Hz ni, èyí tó ní RAM 3GB, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló kù nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mi ò ṣe mú un. Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó tèmi kó wò ó dáadáa, àwọn Tecno, Infinix àti itel, Transsion ará Ṣáínà ló ni gbogbo wọn, Carlcare ló sì ń tún wọn ṣe. Èkejì ni Redmi 14C, òun ló fẹ̀ jù, 6.88 ínǹṣì, 5160mAh. Ẹ̀kẹta ni Samsung Galaxy A06, òun ni mo mú, ₦162,000, RAM 4GB, àyè 64GB. Kì í ṣe pé Redmi yẹn ò dáa o. Ẹnjiníà àdúgbò wa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti sọ fún mi pé gíláàsì Samsung A yìí kì í wọ́n lọ́wọ́ òun, èmi tí mo sì ń fọwọ́ tútù gbé fóònù lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa bọ́.

5G ńkọ́? Mo béèrè. Ó ní ti MTN bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ti Airtel ní 2023, orí 3500 ni wọ́n wà, kí n rántí bẹ́ẹ̀sì àti ohùn akọrin. Mo ti mọ ìdáhùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé nítòsí òpó 5G tó sì ń lo dátà púpọ̀, ìyẹn lè wá a, kó kàn mọ̀ pé A06 tèmi yìí ò ní 5G, òmíràn tó ń jẹ́ A06 5G wà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ka páálí dáadáa.

Kí n tó sanwó, ó ní kí n fi síìmù mi méjèèjì sí i níwájú òun, kí n pe èèyàn, kí n jáde síta kí n pè padà, kí n gba ohùn sílẹ̀ kí n gbọ́ ọ, ó ṣí ojú ewé funfun kan kí n wò ó bóyá àmì dúdú wà lójú ẹ̀. Ó tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀ jáde, ọ̀kan fún síìmù kọ̀ọ̀kan, a fi wé ti ara páálí, ìkankan ò yàtọ̀. Nígbà tó wá kọ rísíìtì, kò kọ IMEI sí i, èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, ó yẹ kó ti mọ̀. Kò sí àga tèèyàn lè jókòó lé, jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà ń pariwo, èèyàn á máa lọgun kí wọ́n tó gbọ́ ọ, mo sì rí A06 yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan lódìkejì ní ₦158,000. Mo san ₦4,000 tó lé yẹn tayọ̀tayọ̀. Ó ní tí nǹkan kan bá ṣe é láàárín ọjọ́ méje kí n gbé e padà kí òun pààrọ̀ ẹ̀, ó kọ ìyẹn sórí rísíìtì láìjẹ́ pé mo béèrè.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kí n kọ́kọ́ sọ: ó ń dún nínú yàrá. Ó ń dún nídìí ààrò. Láàárọ̀ kùtù tí mo bá ń tú ẹja lórí wáyà, tí èéfín ṣì ń rú, mo máa ń gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń gbọ́ tí mẹ́séèjì ń wọlé tin, tin. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá fìyà jẹ rí ò lè mọ bí ohùn yẹn ṣe ń dùn mọ́ mi tó.

Bátìrì 5000mAh yìí ń gbé mi látàárọ̀ di alẹ́ kódà lọ́jọ́ tí status bá pọ̀, tí iná ò bá wá di ọjọ́ kejì mo lè fi ohun tó kù gba owó ẹni tó bá tètè jí. Ṣájà ò sí nínú páálí o, wáyà nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, ti ọmọ mi ni mò ń lò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, 25W ni kẹ́ ẹ béèrè, òun ni fóònù náà lè gbà, ẹ má sì ra èyíkéyìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri nínú gosiló. Síìmù méjì ń wọ̀ ọ́, mẹ́mórì kádì náà sì ní àyè tiẹ̀, kẹ́ ẹ má wá máa yọ síìmù kan torí kádì. Ìyẹn ṣe pàtàkì torí 64GB kì í pẹ́ kún, fóònù fúnra ẹ̀ ti mú lára ẹ̀, fídíò àdúrà tí àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé sórí WhatsApp láràárọ̀ á jẹ ìyókù. Ẹ pa á láṣẹ fún WhatsApp pé kó má máa dá fídíò gbà sílẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀ lórí dátà yín náà.

Kámẹ́rà 50MP tí wọ́n kọ sí i, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló fẹ́. Mo máa ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí àtẹ, màá to ẹja lé e lápá ìlà oòrùn ní nǹkan bí aago méje, tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó wà lára ọ̀bọ̀kún á jáde, òróró tó ń yọ lẹ́nu ìyẹ́ ẹ̀ á máa dán nínú fọ́tò, kọ́sítọ́mà á ní àbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí iná ni. Fóònù Amẹ́ríkà yẹn ń ya fọ́tò jù ú lọ, mi ò ní purọ́, àmọ́ fọ́tò tí ò lè kúrò nínú yàrá, ta ló fẹ́ rí i?

Nǹkan tó kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: 720 ni ojú ẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń tàn yanran, sípíkà kan ṣoṣo ló ní, Helio G85, ìyẹn ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀, ti wà nílẹ̀ láti 2020, ẹni tó fẹ́ràn géèmù kó wá òmíràn. Kò sí IP kankan lára ẹ̀ tó ní omi ò lè wọ̀ ọ́, torí náà mo ra pọ́ọ̀ṣì onírọ́bà àti ọ̀rá tí wọ́n ń so mọ́rùn, tí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi inú ẹ̀ ló máa ń wà. Ibi ìtẹ̀ka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ọlọ́ràá ẹja kì í ṣí i, PIN ni mò ń tẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra iPhone tó ti Amẹ́ríkà wá nígbà tó gbọ́ pé mo ra fóònù. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bóyá ihò síìmù wà níbẹ̀, torí láti iPhone 14 tó jáde ní 2022, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, eSIM, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú fóònù láti ilé iṣẹ́, nìkan ló ń gbà. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM níbí lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó, kó sì béèrè bóyá wọ́n tì í mọ́ láìnì kan lọ́hùn-ún. Ó lọ wò ó, ó padà wálé láìrà á, a jọ ń lọ Sábó lọ́jọ́ Sátidé yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, kó tó di aago mọ́kànlá ni kẹ́ ẹ lọ, èrò ò tíì pọ̀, wọ́n á ráyè dá yín lóhùn. Ẹ mú síìmù yín lọ, ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ fi kọ èsì inú yàrá yín lọ, tó bá ti di rísíìtì, ẹ ní kí wọ́n kọ IMEI méjèèjì sí i.